Èédú Wa àti Ìmọ́tótó Ìlú Ńlá: Inú Ìwé Ta Ni Gbèsè Rẹ̀ Wà?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sọ lónìí lè kọ́kọ́ dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ará ìlú ńlá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kà á dé ìparí, ẹ ó rí i pé ó kan ẹni tí ń gbé ní Ògìdì gẹ́gẹ́ bí ó ti kan ẹni tí ń gbé ní Èkó.

Ní ìpàdé gbogbogbòò ẹgbẹ́ kan tí mo bẹ̀ wò ní agbègbè Ògìdì, mo ń yẹ ìwé ẹ̀yáwó wò ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Láyé àtijọ́, iṣu, kaṣú, òwú àti aró ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń tìtorí rẹ̀ yáwó. Nínú ìwé tí mo ń wò yìí, ọ̀rọ̀ kan ń fara hàn léraléra: èédú. Nígbà tí a dé orí ètò ẹ̀yáwó ọdún tó ń bọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde, ó ní kí ẹgbẹ́ fi kún owó tí wọ́n ń yá àwọn tó ń sun èédú, nítorí àwọn oníbàárà láti Èkó, Àbújá àti Ìlọrin ń dúró de ọjà. Ìyá àgbà kan dá a lóhùn pé, "Ọmọ mi, igi irú mẹ́ta ló wà lẹ́yìn oko mi. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti di èédú. Kí ni kí n wá máa sè?" Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú. Bí n kò bá sun èédú, kí ni n ó fi san owó ilé ìwé àwọn ọmọ?"

Kò sí èyí tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wá kọjú sí mi, ó ní, "Ọ̀gá Alábẹ̀wò, à ń gbọ́ pé àwọn ìlú ńlá ti ń fi ọgbọ́n tuntun mú àyíká wọn mọ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí èédú wa ṣì ń tà wàràwàrà?" N kò lè dáhùn tán lọ́jọ́ náà. Ìdáhùn mi ni mo kọ sílẹ̀ yìí. Ìpàdé náà sún ìdìbò sí ìjókòó mìíràn, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

ÌLÚ NÁÀ NÍ ÌWÉ ÌṢIRÒ

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí gbogbo wa mọ̀ ṣàlàyé. Bí mo bá wá yẹ ìwé ẹgbẹ́ kan wò, kì í ṣe owó tó wọlé nìkan ni mo ń wò. Mo ń wo iye tí ẹ ná kí owó náà tó wọlé, mo sì ń wo gbèsè tó wà nílẹ̀. Ká ní ẹgbẹ́ méjì pa 500,000 náírà lọ́dún, tí ọ̀kan ná 100,000 kí ó tó pa á, tí èkejì sì ná 400,000. Wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ kan náà lójú alábẹ̀wò.

Bákan náà ni ìlú rí. Ìlú ń jẹ, ó sì ń dà nù. Ohun tó ń jẹ ni epo, igi, èédú, omi, oúnjẹ àti ilẹ̀. Ohun tó ń dà nù ni èéfín, omi ìdọ̀tí àti pàǹtí. Láàrin méjèèjì ni iṣẹ́ àti ọrọ̀ ìlú náà wà. Ìlú tó ń rí ọrọ̀ púpọ̀ láti inú epo díẹ̀ àti pàǹtí díẹ̀, a lè sọ pé ó mọ ohun ìní àyíká ná. Ìlú tó ń sun epo púpọ̀, tó sì ń da pàǹtí rẹpẹtẹ kí ó tó rí ọrọ̀ díẹ̀, apà ni. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń wọ̀n nìyẹn nígbà tí wọ́n bá ń béèrè bóyá ọgbọ́n tuntun kan ṣe ìlú láǹfààní.

OHUN TÍ ỌGBỌ́N TUNTUN TI ṢE

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Èkó, nítorí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ló wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù March 2008, àwọn bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti Mile 12 dé CMS, ọ̀nà tó gùn tó kìlómítà 22. Àjọ LAMATA ti Ìpínlẹ̀ Èkó ló ṣètò rẹ̀. Ọgbọ́n inú rẹ̀ kò le: wọ́n ya apá kan títì sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì ńlá, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ má baà dá a dúró. Danfo kan a máa gba èrò bíi 14. Bọ́ọ̀sì ńlá kan a máa gba èrò danfo mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ́ńjìnnì kan ń ṣe iṣẹ́ mẹ́rin, kò sì jókòó sójú kan kí ó máa sun epo lásán. Ìlú Curitiba ní ilẹ̀ Brazil ló ti bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní ọdún 1974, kí ó tó tàn ká ayé. Ní oṣù September 2023, Èkó tún fi ọkọ̀ ojú irin kún un láti Marina dé Mile 2, kìlómítà 13, èyí tí wọ́n ṣe kí iná mànàmáná lè máa gbé e.

Ní ti pàǹtí, Arábìnrin Bilikiss Adebiyi-Abiola àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ Wecyclers sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2012. Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ tó ní àpótí ẹrù wọ àwọn àdúgbò tí ọkọ̀ akólẹ̀ kò lè wọ̀. Wọ́n ń gba ike, agolo àti ọ̀rá lọ́wọ́ àwọn ìdílé, wọ́n ń wọ̀n ọ́n, wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ lórúkọ ẹni tó kó o wá. Bí ti ẹnì kan bá pọ̀ tó, yóò gba oúnjẹ tàbí ohun èlò ilé. Curitiba náà ti ṣe ohun tó jọ ọ́ láti ọdún 1991: ẹni tó bá kó pàǹtí tó ṣeé tún lò wá ní kílò 4 yóò gba ẹ̀fọ́ àti èso ní kílò 1.

Ní Ìbàdàn, ní ìparí àwọn ọdún 1990, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ Pacesetter sílẹ̀ ní ọjà Bódìjà, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn sì lọ́wọ́ sí i. Ohun tí ọjà ń dà nù àti ìgbẹ́ màlúù ni wọ́n sọ di ajílẹ̀ fún àgbẹ̀. Ohun tí ìlú ń pè ní ìdọ̀tí di ohun tí oko ń fẹ́.

Ẹ kíyè sí ohun kan nínú gbogbo àpẹẹrẹ yìí. Ẹ̀rọ nìkan kọ́ ló ṣe iṣẹ́ náà. Ẹnì kan ń wọ̀n, ẹnì kan ń kọ ọ́ sílẹ̀, ẹnì kan ń gba owó, ẹnì kan sì ń tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Níbi tí àwọn wọ̀nyí kò bá sí, ẹ̀rọ tuntun yóò di irin àlòkù ní kíá. Mo mọ ẹgbẹ́ kan tó ra ẹ̀rọ ìfami tí oòrùn ń gbé ṣiṣẹ́. Ọdún méjì ni omi fi ń yọ. Ní ọdún kẹta, bátìrì kú, kò sì sí kọ́bọ̀ kan tí a yà sọ́tọ̀ fún òmíràn. Àwọn obìnrin tún gbé garawa wọn, wọ́n padà sí odò. Oòrùn kò jẹ̀bi, ìwé ìṣirò ló jẹ̀bi.

OHUN TÍ ÌWÉ ÌLÚ KÒ KỌ

Ẹ̀wẹ̀, ìwé kan lè mọ́ lójú, kí gbèsè sì wà nínú ìwé ẹlòmíràn. Akápò tó bá fẹ́ kí àpò tirẹ̀ dára lè kó gbèsè rẹ̀ sí ọrùn ẹ̀ka mìíràn. Ohun tí ìlú ńlá ń ṣe fún wa nìyẹn, bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Ẹ wo ìdáná. Nígbà tí kẹrosíìnì di ọ̀wọ́n, tí owó gáàsì náà sì gbéra, ọ̀pọ̀ ìdílé àti àwọn olóúnjẹ títà ní ìlú padà sí èédú. Èédú kì í rú èéfín púpọ̀ nínú ilé bí igi, nítorí èéfín rẹ̀ ti jáde tán kí ó tó dé ìlú. Níbo ló ti jáde? Nínú igbó wa ni. Bí ẹnì kan bá wọ̀n ìmọ́tótó Èkó tàbí Àbújá láàrin odi ìlú náà nìkan, kò ní rí igi tó wó lẹ́bàá àwọn òkè Ògìdì. Kò ní rí ilẹ̀ tí òjò ń wọ́ lọ nítorí gbòǹgbò ti kúrò. Kò ní rí ìyá tí kò ní igi irú mọ́.

Nítorí náà, ìdáhùn mi sí akọ̀wé ni pé: òótọ́ ni pé ọgbọ́n tuntun ń mú ìlú mọ́. Ṣùgbọ́n ní ọ̀nà ìrìnnà àti ìkólẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wà. Kò tíì dé ìdí ìkòkò ọ̀pọ̀ ìdílé. Títí yóò fi débẹ̀, àwa ni a ń san gbèsè náà.

ÌṢIRÒ ÀPÒ ÈÉDÚ KAN

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Bí a ti ń sun èédú láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ni pé a ń to igi jọ, a ó fi koríko àti erùpẹ̀ bò ó, a ó sì ti iná bọ̀ ọ́. Nínú 100 kílò igi gbígbẹ, kílò 10 sí 20 péré ni ó sábà ń di èédú. Ìyókù di èéfín àti eérú.

Ká ní ìdílé kan ní ìlú ń lo àpò èédú kan lóṣù, tí àpò náà sì wọ̀n 30 kílò. Bí a bá mú 15 nínú 100 gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n, 200 kílò igi la fi ṣe àpò kan yẹn.

Ọgbọ́n tuntun kan wà fún ẹni tó ń sun ún. Ní agbègbè Casamance nílẹ̀ Senegal, wọ́n tún òkìtì àtijọ́ ṣe. Igi tó gbẹ dáadáa ni wọ́n ń lò, wọ́n ń tò ó ní ètò yíká, wọ́n sì ń fi àgbá epo ògbólógbòó ṣe ọ̀nà èéfín sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ooru lè yí inú òkìtì náà ká kí ó tó jáde. Bí ẹni tó ń ṣe é bá mọ̀ ọ́n ṣe, ó lè rí 25 kílò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú 100. Àpò 30 kílò yẹn yóò wá jẹ igi 120 kílò dípò 200.

Ọgbọ́n kejì wà fún ẹni tó ń dáná. Ní Kenya, láti àwọn ọdún 1980, àwọn alágbẹ̀dẹ ń ṣe àdògán onípáànù tí wọ́n fi amọ̀ sísun tẹ́ nínú kí ooru má baà sá lọ. Ó lè dín èédú kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Ghana, ilé iṣẹ́ Toyola ti ń ta irú àdògán bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2006. Ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ a gbà á láwìn pẹ̀lú kóló kan, yóò máa fi owó èédú tí ó ṣẹ́kù sínú kóló náà títí yóò fi san gbèsè tán. Àjẹṣẹ́kù gan-an nìyẹn! Bí ìdílé tí a ń sọ yìí bá ní irú àdògán bẹ́ẹ̀, 20 kílò ni yóò lò lóṣù dípò 30. Bí a bá sì fi òkìtì Casamance sun ún, igi 80 kílò ni. Láti 200 bọ́ sí 80: ọgbọ́n tuntun ti ṣe ìdílé láǹfààní, ó sì ti ṣe igbó láǹfààní.

ṢÙGBỌ́N Ẹ DÚRÓ NÁ

Ká ní ìdílé 10,000 ló ń ra èédú wa. Lọ́nà àtijọ́, igi tí wọ́n ń jẹ lóṣù jẹ́ 2,000,000 kílò. Lọ́nà tuntun, 800,000 kílò ni. Ó dára. Ṣùgbọ́n èédú tó rọrùn láti ṣe yóò di ọ̀pọ̀, owó rẹ̀ lè wálẹ̀, àwọn tí kì í rà á tẹ́lẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í rà á. Bí ìdílé tó ń rà á bá di 25,000, ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: 80 kílò lọ́nà 25,000 jẹ́ 2,000,000 kílò. A ti padà síbi tí a ti kúrò. Ìlú ń lo igi díẹ̀ fún ìkòkò kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n igbó wa ń tán bákan náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, William Stanley Jevons, kọ̀wé lé e lórí ní ọdún 1865. Èédú ilẹ̀ ni tirẹ̀, irú èyí tó wà ní Okaba ní ìpínlẹ̀ wa yìí. Ó rí i pé ẹ̀rọ James Watt ń lo èédú díẹ̀ ju ti àwọn tó ṣáájú rẹ̀ lọ, síbẹ̀ èédú tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò ń pọ̀ sí i ni. Ìdí ni pé ẹ̀rọ tí ìnáwó rẹ̀ kéré ni gbogbo ènìyàn ń fẹ́ ní.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ọgbọ́n tuntun nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ ní òdiwọ̀n tí a kò ní kọjá. A kì í fi ojúkòkòrò ná owó ìfowópamọ́ ẹgbẹ́. A ní iye tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè yá. Igbó náà yẹ kó ní irú iye bẹ́ẹ̀.

KÍ NI KÍ ẸGBẸ́ ṢE?

N kò ní sọ pé kí ẹgbẹ́ lé àwọn tó ń sun èédú jáde. Owó ilé ìwé ọmọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ohun tí mo ń dá lábàá ni ìwọ̀nyí.

Èkíní, kí ẹgbẹ́ má ṣe yá ẹnikẹ́ni lówó láti fi kún iye èédú tó ń sun. Ẹ̀yáwó tó bá kan èédú, kí ó jẹ́ fún òkìtì tó dára jù àti fún ìgbìn igi. Kí a sì kọ iye àpò tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè tà lọ́dún sínú ìwé, kí gbogbo ènìyàn lè rí i.

Èkejì, kí ẹgbẹ́ fi ẹnu kò pé a kò ní gé igi irú àti igi òrí fún èédú. Igi òrí lè lo ọdún 15 sí 20 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so. Ẹni tó gé e lónìí, ọmọ rẹ̀ ni yóò dúró de òmíràn. Bí igi náà bá ń so, lọ́dọọdún ni yóò máa pa owó. Bí ó bá di èédú, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni.

Ẹ̀kẹta, kí akọ̀wé fa ìlà mẹ́ta kún ìwé: igi tí a gé, igi tí a gbìn, àti igi tó ṣì wà láàyè lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn méjì. Ìlà kẹta ni mo fẹ́ràn jù. Gbígbin igi kò ṣòro ní ọjọ́ tí a pe àwọn àlejò wá wò ó. Ìṣòro rẹ̀ wà ní ọjọ́ tí iná ìgbẹ́ bá dé.

Ẹ̀kẹrin, àpapọ̀ wa yìí ní ọmọ ẹgbẹ́ ní ìlú àti ní oko. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba wà nínú wa. Wọ́n ń dáná lójoojúmọ́. Kí àwọn ẹgbẹ́ ìlú yá ọmọ ẹgbẹ́ wọn lówó ra sílíńdà gáàsì tàbí àdògán tó ń dín èédú kù. Bí wọ́n bá sì fẹ́ ra èédú, kí wọ́n rà á lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tó ń gbin igi padà, kí wọ́n sì fi owó díẹ̀ lé orí àpò kọ̀ọ̀kan fún ìgbìn náà. Nígbà náà ni gbèsè ìlú yóò padà sínú ìwé ìlú, níbi tó yẹ kó wà.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ̀rọ tuntun yòówù tí ẹgbẹ́ bá rà, ìbáà ṣe ti oòrùn, ìbáà ṣe àdògán ńlá fún àwọn aláró wa, kí a ya owó àtúnṣe sọ́tọ̀ láti oṣù kìíní. Bí a kò bá lè san owó àtúnṣe, a kò tíì lè ra ẹ̀rọ náà.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ ọgbọ́n Èkó, ti Ìbàdàn, ti Senegal àti ti Ghana, ṣùgbọ́n kí a fi ojú alábẹ̀wò wò ó. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìlú kan ti mọ́, ẹ bi í léèrè pé, "Ta ló san án?" Kí ẹ sì tó dìbò lórí ẹ̀yáwó èédú ní ìjókòó tó ń bọ̀, kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà àti Ìyá àgbà yẹn jókòó pọ̀ pẹ̀lú ìwé ìṣirò láàrin wọn. Bí n bá wá yẹ ìwé yín wò lọ́dún tó ń bọ̀, ìlà kẹta yẹn ni n ó kọ́kọ́ ṣí.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ àjẹṣẹ́kù,
Alábẹ̀wò Ẹgbẹ́.